Ohun Tí Kánkán Ti Parí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkàn Kánkán ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ bá mi ka iye ìgbà tí ó gbé òòlù sókè tó sì tún gbé e kalẹ̀ láìkan ìṣó kan ṣoṣo. Èmi kà á dé mẹ́sàn-án, ó sú mi. Ó gbálẹ̀ dé ìdajì ṣọ́ọ̀bù, ó gbàgbé ìgbálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé omi tíì kaná, ó lọ wá ṣíbí, ó rí sísọ́ọ̀sì tó ti ń wá láti ọjọ́ Ajé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ, omi sì hó títí ó fi gbẹ.

Àga ni iṣẹ́ obìnrin yìí. Bí àga tìmùtìmù ẹnikẹ́ni bá ti gbó, tí fóòmù rẹ̀ jìn, tí aṣọ rẹ̀ ya, Kánkán ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò fa ìṣó àtijọ́ yọ, tí yóò ki fóòmù tuntun sí i, tí yóò sì na aṣọ tuntun lé e lórí títí tí ẹni tó ni ín kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ohun tí kò mọ̀ ni ìjókòó jẹ́ẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Kánkán nílé wọn, nítorí pé kánkán ló ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò sọ nǹkankan nípa ìparí. Ó ti lé ní ogójì ọdún kí dókítà kan tó jókòó tì í, tó ṣàlàyé fún un pé orí rẹ̀ kò dàrú o, ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ó sì tún gbàgbé báàgì rẹ̀ sí ọ́fíìsì dókítà.

Ohun tó ń lé e kiri lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe àga ọ́fíìsì, ó sì ti bá àbúrò rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ níbẹ̀: kí ó máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, káàdì lọ́rùn, tábìlì tirẹ̀. Bí Kánkán bá gbà, yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa kí oṣù tó parí, òun àti yàrá kékeré tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ pé òun kò ní tún bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀ mọ́ láyé.

Kánkán kò mọ èyí tí yóò sọ. Nítorí náà ó ti bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ ọjọ́ yìí kan náà ni àyẹ̀wò ìdajì ọdún lórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ tó ti parí láti oṣù kìíní kò bá tó mẹ́wàá, yóò gba iṣẹ́ ìkẹ́rùsí. Bí ó bá tó mẹ́wàá, yóò kọ̀ ọ́. Ó rọrùn létí bẹ́ẹ̀. 

Òun àti Ògbufọ̀ ló jọ dá àyẹ̀wò yìí sílẹ̀. Ògbufọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó ń túmọ̀ ìwé láti èdè kan sí òmíràn. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń ṣe é, òun nìkan. Ibi ìpàdé àwọn tí ń dáṣẹ́ ṣe, tí ọpọlọ wọn kì í bá ti aráyé rìn dọ́gba, ni wọ́n ti mọra. Kánkán fi wákàtí kan pẹ́. Ògbufọ̀ ní tirẹ̀ ti dé láti wákàtí kan ṣáájú, ó dúró síta gbagidi nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè wọlé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di kòríkòsùn.

Wọ́n fẹnu kò pé bó bá ti di oṣù kẹfà, kálukú yóò lọ síbi iṣẹ́ ẹnìkejì, yóò sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí lo bẹ̀rẹ̀? Kí lo parí? Kí ló ń dùn ọ́? Ẹni tí a ń bi kò gbọdọ̀ purọ́. Ẹni tó ń bèèrè kò gbọdọ̀ sọ pé "pẹ̀lẹ́." Ògbufọ̀ ló ṣe òfin yẹn, ó ní pẹ̀lẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀, kò sì tún àga kankan ṣe rí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kánkán ṣe ti Ògbufọ̀. Iṣẹ́ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà ló parí. Nígbà tó dórí ohun tó ń dùn ún, ó wo ògiri, ó ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé tí ẹnikẹ́ni kò tíì pe òun lórí fóònù láti kí òun lásán. Kánkán fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò máa pè é ní gbogbo Ọjọ́rú.

Aago mẹ́wàá géérégé, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"O ò pè mí ní Ọjọ́rú," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ògbufọ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú.

Kánkán fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Mo gbé fóònù o! Mo gbé e láti pè ọ́, ni mo bá rí àwòrán àga tí oníbàárà kan fi ránṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, mo wá ń wo ẹsẹ̀ yẹn…"

"Ọjọ́rú mìíràn ń bọ̀," ni Ògbufọ̀ wí. "Iná àjà yìí ń kùn."

"Kò kùn."

"Ó ń kùn."

Kánkán pa iná. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó wọn. Ògbufọ̀ jókòó sétí àpótí kan, ó yọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ déètì.

"Kí lo bẹ̀rẹ̀?"

Kánkán nàka sí ògiri. Pátákó dúdú kan wà níbẹ̀ tó ga tó ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ sí bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, nítorí pé ohun tí kò bá sí níwájú rẹ̀, kò sí láyé mọ́ nìyẹn. Ògbufọ̀ dìde, ó ka gbogbo rẹ̀ sókè, kò fo ẹyọ kan. Àga gbọọrọ ti dókítà eléyín. Àga mẹ́rin ti ilé ìkàwé. Àga ìyá àgbà ológbò. Títí dé ìsàlẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún," ló wí. "Kí lo parí?"

Kánkán ti dìde. Ó lọ dé ojú fèrèsé, ó padà, ó mú ìbọsẹ̀ kan lórí tábìlì, ó wò ó, kò mọ bó ṣe débẹ̀. "Ṣé o rí èyí tí mo fa ìlà lé níbẹ̀? Kò sí. Mi ò parí nǹkankan. Oṣù mẹ́fà gbáko! Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èmi lé mọ́kàndínlógún."

 Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti aago méjì, ti mẹ́wàá tó fi bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú. Ó ní òun ti mọ èsì, kí Ògbufọ̀ kàn kọ "òfo" sínú ìwé, kí ó máa lọ sílé.

Ògbufọ̀ kò sọ pé pẹ̀lẹ́.  "Ní oṣù kìíní, mo jókòó lórí àga aláwọ̀ ewé kan níbí. Mo da omi sí i. Níbo ló wà?"

"Wọ́n ti gbé e lọ."

"Ṣé o parí rẹ̀?"

"Ṣé wọ́n á gbé e lọ láìparí ni?"

"Kò sí lórí pátákó."

"Mo ti nù ún kúrò ni! Bí mo bá ti parí nǹkan, màá fi àkísà tútù nù ún, á lọ ráúráú. Kò tilẹ̀ sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí tó ìyẹn."

Ògbufọ̀ kì í sábà wo ojú ènìyàn. Lọ́jọ́ yìí ó wo ojú Kánkán tààrà. "Nígbà náà, èyí tí o kò tíì parí nìkan ló lè wà lórí pátákó yìí. Bí o bá parí ẹgbẹ̀rún àga, mọ́kàndínlógún ni yóò ṣì máa sọ fún ọ."

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìlà pupa sàmì sí iṣẹ́ tí ẹ bá parí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí ni obìnrin yìí ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀rí rere rẹ̀ kúrò lára ògiri, tó sì ń jí láràárọ̀ wá ka ẹ̀sùn. Ohun tó bá ti parí, ńṣe ló ń lọ lórí rẹ̀ bí omi ìfọwọ́ tí a dà sẹ́yìnkùlé. Inú ń bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí.

"Mélòó wá ni?" Kánkán bèèrè. 

"Ìwọ ni mo ń bi."

"Mi ò mọ̀. Mẹ́ta? Ó lè jẹ́ mẹ́rin. Wò ó, jẹ́ ká sọ pé…"

"Má méfò. A máa kà á."

Kí ni wọn yóò fi kà á? Kánkán kì í pa ìwé mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, bó bá ti ka èyí tó wọlé tán, píparẹ́ ni. Ó ti di aago mọ́kànlá. Kánkán ti jáde wo òpópónà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè yọ nígbàkigbà. Ìgbà tó padà wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó bá Ògbufọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì ńlá.

"Kí ló wà nínú àpò yìí?"

"Àkísà. Àjẹkù aṣọ àga."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìparí ọdún tó kọjá ni mo da ti tẹ́lẹ̀ nù."

"Ṣé oníbàárà méjì máa ń yan irú aṣọ kan náà?"

"Wọn ò tíì ṣe é lọ́dún yìí. Kálukú ló ń mú tirẹ̀ wá."

Ògbufọ̀ fa àpò náà jáde, ó dà á sílẹ̀ gbàà. Eruku sọ, ó sín lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà, ojú ọkùnrin náà tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa sọ́dọ̀ pupa, onílà sọ́dọ̀ onílà, aláwọ sọ́dọ̀ aláwọ, ó ń tò wọ́n sórí ilẹ̀ ní ìlà tó gún.

"Jókòó," ló wí fún Kánkán.

"Mi ò lè jókòó."

"Máa rìn nígbà náà. Má ṣáà tẹ aṣọ."

Kánkán ń rìn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó yí, ó tún padà. Bí Ògbufọ̀ bá ti gbé ègé aṣọ kan sókè, yóò bèèrè pé ta ló ni ín. Ohun tó ya Kánkán lẹ́nu nìyẹn: gbogbo wọn ló mọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti kan aṣọ, ẹni tó ni àga a yọ sí i lọ́kàn tòun ti ohùn rẹ̀.

"Yẹ́lò onílà yẹn? Olùkọ́ orin ni. Ó jókòó sórí ẹ̀ níbí, ó ní òun ò dìde mọ́, àfi ká gbé òun tàga-tàga sínú ọkọ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àlùkò: tọkọtaya tó ń jà. Ọkọ fẹ́ pupa, ìyàwó fẹ́ búlúù, mo pò ó pọ̀ fún wọn. Èyí… háà, èyí! Bàbá tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta ló ni ín. Àga ìyàwó ẹ̀ tó kú ni. Ó fọwọ́ pa á lórí."

Kò mọ ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ láàárín àkísà.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ó jẹ́ ìdì mọ́kànlélógójì. Ògbufọ̀ mú ìdì méje kúrò, nítorí pé àwọn àga wọn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọ́.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Irọ́ ni!"

"Mi ò mọ irọ́ pa, o mọ̀. Iye oníbàárà nìyẹn. Àga lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ohun tí mi ò rí."

Kánkán fò sókè, ó dì mọ́ ọn, ó rántí pé kì í fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ òun, ó fi í sílẹ̀, ó dì mọ́ àga dókítà eléyín dípò rẹ̀. "Ó ju mẹ́wàá lọ! Ó ti tán! Màá kọ̀ ọ́!"

"Kò tíì tán," ni Ògbufọ̀ wí. "Iṣẹ́ mẹ́ta kan wà lórí pátákó tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. O ò ní parí wọn láé. Ránṣẹ́ sí àwọn tó ni wọ́n kí wọ́n wá gbé e."

Ìyẹn gún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, kò sì bá a jiyàn.

"Ìbéèrè kẹta. Kí ló ń dùn ọ́?"

"Kò sí mọ́. Ó ti san."

"O ò gbọdọ̀ purọ́."

 Kánkán ń já òwú lára àkísà kan. "Ó ń dùn mí," ló wí nígbà tó yá, "pé mo fẹ́ kí iye kan bá mi sọ ọ́. Ká ní o kà á, tó jẹ́ mẹ́sàn-án, màá ti ilẹ̀kùn yìí pa. Màá lọ gbé káàdì kọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ ẹ! Mi ò fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mẹ́nu bà á. Ibí ni mo fẹ́. Bó jẹ́ mẹ́wàá, bó jẹ́ ẹyọ kan, ibí náà ni mo fẹ́. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mo fẹ́ nǹkan tí wọ́n ti ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ògbufọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Aago kan ààbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n dé. Kì í tètè dé, kì í sì í pẹ́, iṣẹ́ ti sọ ọ́ di ẹni aago. Ó di báàgì mọ́ àyà, ó wo àkísà tó gba gbogbo ilẹ̀, ó wo ọkùnrin tó jókòó sétí àpótí.

"Ẹ káàsán, mà," ni Ògbufọ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀nà, ẹ má tíì jókòó," ni Kánkán wí, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò gbà á. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni, mi ò gbà á. Mo sì fẹ́ pe ọ̀gá yín fúnra mi nísinsìnyí, torí bí mo bá ní ó di ọ̀la, màá gbàgbé."

"Má pè é."

"Ẹ jẹ́ kí n…"

"Mo ní má pè é!"

Fóònù náà ti ń dún. Kánkán ti tẹ̀ ẹ́ kó lè máa sọ̀rọ̀ síta, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

"Háà, àbúrò màmá wa! Ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni? A ti fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Fọ́ọ̀mù yín ni kò dé. Ẹ má bínú o."

 Kánkán ní, "Kò burú, sà. Mo kàn fẹ́ sọ fún yín pé mi ò fẹ́ ẹ ni." Ó pa fóònù.

"Ojú ewé kìíní lo kọ nínú fọ́ọ̀mù yẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rí i lórí fìríìjì rẹ. O ò kọ èkejì."

Ògbufọ̀ ṣí ìwé rẹ̀. "Ohun tí kò parí: ogún," ló wí, ó kọ ọ́.

Ẹ̀rín pa Kánkán. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti kọ iṣẹ́ náà kó tó mọ̀ pé wọn ò fún òun mọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ìgbà yẹn ló rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún. Kò pariwo. Omi kàn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń fi etí báàgì nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí lẹ wá ń sunkún sí? Mi ò bínú. Ẹ wò mí, mi ò bínú."

"Mo rí i pé o ò bínú. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mi ò ti sùn, mo ń ro bí mo ṣe máa sọ fún ọ, mo ń ro bí o ṣe máa sunkún. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín." Ó jókòó lórí àga gbọọrọ ti dókítà eléyín láìwẹ̀yìn. "Ọ̀gá mẹ́ta ni mo bẹ̀. Mo ń sọ fún gbogbo wọn pé nítorí àbúrò mi ni, kí ó lè rí ibi fi ìdí lé. Irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ kẹ̀?"

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń dá dúró ní ibùdókọ̀ yẹn láràárọ̀. Tí mo bá wọ ọkọ̀, mo máa gbé báàgì mi sórí àga kejì, kí ẹni tí mi ò mọ̀ má baà jókòó tì mí. Láti oṣù kejì tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n ni mi ò ti gbé e síbẹ̀ mọ́. Mo ń wo àga yẹn. Mo ń rò ó pé ibẹ̀ lo máa jókòó sí, tí o ò ní dákẹ́ títí a fi máa débẹ̀."

 Gbogbo ìgbà tí Kánkán ti ń bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú, tó ń rò pé ó ka òun sí ọ̀lẹ, ló ń padà wá bá a, ó sì dùn ún dé egungun. Ó lọ jókòó tì í. Ó jókòó pẹ́, èyí tí kò wọ́pọ̀.

"Aago mélòó lẹ máa ń kọjá níwájú ibí láàárọ̀?"

"Mẹ́fà ààbọ̀."

"Ẹ máa yà. Màá sìn yín dé ibùdókọ̀."

"O ò ní tíì jí."

"Mi ò ní tíì jí lóòótọ́. Ẹ kan ilẹ̀kùn."

"O máa gbàgbé pé o sọ bẹ́ẹ̀."

"Màá gbàgbé," ni Kánkán wí. "Ẹ ṣáà kàn án."